Ẹ ti yọ áàpù kúrò lórí fóònù, àmọ́ ẹrù rẹ̀ ṣì wà nílé: bí ẹ ṣe lè kó gbogbo rẹ̀ dànù

Àbúrò mi kan gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ojú ẹ̀ ti fà ro. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, wọ́n tún ti yọ owó mi." Alert báńkì ló ń fi hàn mí: ẹgbẹ̀rún méjì náírà àti díẹ̀, fún áàpù kan tó fi ń tún fọ́tò ṣe. Mo ní kó yọ áàpù náà kúrò kíá. Ó ní, "Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti delete ẹ̀ o!" Lóòótọ́, mo wá a títí lórí fóònù náà, mi ò rí i. Áàpù ti lọ, owó ṣì ń lọ lóṣooṣù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá tẹ áàpù mọ́lẹ̀, tí ẹ yan "Uninstall", áàpù yẹn nìkan lẹ lé jáde. Ó dà bí ayálégbé tó kó kúrò nílé: ó ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹrù ẹ̀ kan ṣì wà ní kọ́rídọ̀, kọ́kọ́rọ́ géètì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ò sì tíì kúrò lórí bíìlì iná.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹrù áàpù máa ń kù sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti bí ẹ ṣe máa kó o. Android la máa fi ṣe púpọ̀ nínú àlàyé náà, torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo iPhone, tiyín wà nísàlẹ̀. Orúkọ bọ́tìnnì lè yàtọ̀ díẹ̀ láti orí Tecno sí Samsung tàbí Redmi. Tí ẹ ò bá rí ohun tí mo dárúkọ, ẹ kọ ọ́ sínú àpótí ìwárí tó wà lókè Settings, ó máa gbé e jáde.

Kí ni "Uninstall" ń ṣe gan-an?

Lórí Android, áàpù kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tiẹ̀, tí áàpù mìíràn ò lè wọ̀. Inú yàrá yẹn ló ń kó àwọn ètò tí ẹ yàn sí: èdè tí ẹ fẹ́, ojú dúdú tàbí ojú funfun, orúkọ tí ẹ fi wọlé, ibi tí ẹ bá eré dé. Tí ẹ bá yọ áàpù kúrò, Android máa pa yàrá yẹn rẹ́. Ìyọ̀ǹda tí ẹ fún un láti lo kámẹ́rà, máíkì tàbí kọ́ńtáàtì náà parí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n áàpù lè kó nǹkan sí ojú gbangba náà, bíi fódà "Download", "Pictures", "Documents" tàbí "DCIM". Gbogbo fóònù ló ni ibẹ̀, kì í ṣe áàpù kan ṣoṣo, nítorí náà Android ò ní fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò tí ẹ fi áàpù kan ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn fi ṣì wà títí dòní. Ẹ ṣí áàpù "Files" tàbí "My Files", ẹ wo fódà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá èyí tó ń jẹ́ orúkọ áàpù tí ẹ ti yọ. Nígbà míì, orúkọ gígùn ló máa ń wà lára ẹ̀, bíi "com.whatsapp", tó jẹ́ orúkọ tí Android fi mọ WhatsApp. Ẹ wo inú fódà náà dáadáa kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. Fọ́tò ìgbéyàwó lè wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ yọ áàpù, pé ẹ kàn fẹ́ kó gbàgbé gbogbo ètò tó wà nínú ẹ̀ ni, ẹ lọ sí Settings, "Apps", ẹ yan áàpù náà, kẹ́ ẹ tẹ "Storage". Bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì jọra:

"Clear cache" ń kó pàǹtírí nìkan, ìyẹn àwọn fọ́tò àti ojú ìwé tí áàpù fi pamọ́ kó lè tètè ṣí. Kò sí ewu níbẹ̀.

"Clear storage", tí àwọn fóònù kan ń pè ní "Clear data", ń sọ áàpù náà di ọmọ tuntun. Ẹ máa wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ètò yín gbogbo á sì ti lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún èkejì yìí. Tẹ́ ẹ bá ṣe é fún WhatsApp láìkọ́kọ́ ṣe backup, ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá èèyàn sọ lè bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣe é fún áàpù tó ń fún yín ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún email tàbí báńkì, ẹ lè ti ara yín mọ́ta. Ẹ kọ́kọ́ gbé nọ́ńbà yẹn lọ sórí fóònù míì, tàbí kẹ́ ẹ pa á kúrò lórí àkáǹtì náà.

Ìdí tí áàpù fi ń rántí yín tó bá padà dé

Ṣé ó ti ṣe yín rí? Ẹ yọ áàpù kan kúrò torí pé ó ń ṣe ségesège. Ẹ tún gbé e wálẹ̀, ségesège yẹn náà ló tún ń ṣe, ó dẹ̀ tún ń kí yín lórúkọ. Kì í ṣe àǹjọ̀nú.

Láti Android 6.0, tó jáde ní 2015, Android lè máa fi ẹ̀dà àwọn ètò áàpù pamọ́ sórí Google Drive fúnra ẹ̀, tí backup bá ti wà ní títàn. Áàpù kọ̀ọ̀kan ní ààyè tó tó megabyte 25. Ọjọ́ tí ẹ bá tún gbé áàpù náà wálẹ̀, Android á dá ẹ̀dà yẹn padà sínú ẹ̀. Ohun rere ni lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ètò tó bàjẹ́ ló fi pamọ́, ètò tó bàjẹ́ náà ló máa dá padà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti bọ́ nínú ẹ̀ rèé: tí ẹ bá ti gbé áàpù náà wálẹ̀ tán, ẹ lọ tẹ "Clear storage" kẹ́ ẹ tó wọlé sínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n dá padà á pa rẹ́, áàpù á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ yín rí. Tí ẹ bá fẹ́ wo ohun tó wà nípamọ́, ẹ lọ sí Settings, "Google", lẹ́yìn náà "Backup".

Owó tó ń lọ lóṣooṣù

Ibí yìí ni ọ̀ràn àbúrò mi wà. Àdéhùn owó oṣooṣù kò sí lórí fóònù rárá. Orí àkáǹtì yín ló wà. Yíyọ áàpù kúrò kò fagi lé e, yálà lórí Google Play tàbí lọ́dọ̀ Apple. Ohun tó sì máa ń mú èèyàn jù ni "free trial": ọjọ́ méje ọ̀fẹ́, ẹ fi káàdì sílẹ̀, ẹ gbàgbé, owó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Lórí Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ yan "Payments & subscriptions", lẹ́yìn náà "Subscriptions". Ẹ tẹ èyí tí ẹ ò fẹ́ mọ́, kẹ́ ẹ yan "Cancel subscription". Lórí iPhone, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín lókè, kẹ́ ẹ yan "Subscriptions".

Tí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ fún ilé iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà káàdì yín tààrà, láìgba ọwọ́ Google tàbí Apple. Ẹ ní láti wọ inú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ fagi lé e níbẹ̀. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ ké sí báńkì yín kí wọ́n dí káàdì náà.

Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fún un lórí Google àti Facebook

Gbogbo wa la máa ń tẹ "Sign in with Google" kíákíá torí pé a ò fẹ́ ronú password tuntun. Áàpù náà ò gba password yín o. Kọ́kọ́rọ́ mìíràn ni Google gé fún un. Kọ́kọ́rọ́ yẹn lè jẹ́ láti mọ orúkọ àti email yín lásán, ó sì lè jẹ́ láti ka kàlẹ́ńdà tàbí àwọn fáìlì tó wà nínú Drive, bí ìyọ̀ǹda tí ẹ fún un bá ṣe tó. Tí ẹ bá yọ áàpù kúrò lórí fóònù, kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ lọ sí myaccount.google.com, ẹ wọ "Security", kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ àwọn áàpù "third-party" sí. Ẹ máa rí orúkọ tí ẹ ti gbàgbé láti ọdún tó ti pẹ́. Ẹ yan èyí tí ẹ ò lò mọ́, kẹ́ ẹ já okùn ẹ̀. Ti Facebook náà wà nínú Settings ẹ̀, lábẹ́ "Apps and websites".

Ẹ sì mọ̀ pé jíjá okùn kì í ṣe pípa àkáǹtì rẹ́. Ohun tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Apple ti sọ ọ́ di dandan pé áàpù tó bá gbà kéèyàn ṣí àkáǹtì nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lè pa á rẹ́ nínú ẹ̀. Google náà kéde irú òfin yìí ní 2023, ó tún fi kún un pé ẹni tó ti yọ áàpù kúrò gbọ́dọ̀ lè béèrè fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìtún gbé áàpù náà wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá "Delete account" nínú áàpù náà. Ó sábà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ "Privacy" tàbí "Account".

Àwọn àṣẹ tó ń kù nínú Settings

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ fọwọ́ ara yín yí nítorí áàpù kan, tí áàpù náà ò ní yí padà tó bá ń lọ.

Àkọ́kọ́ ni "Install unknown apps". Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹnì kan fi APK ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tí fóònù ní àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fàyè gba WhatsApp láti gbé áàpù wọlé? Láti Android 8.0, tó jáde ní 2017, áàpù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní àṣẹ yìí. Tí ẹ bá tiẹ̀ ti yọ áàpù APK yẹn, àṣẹ tí ẹ fún WhatsApp tàbí Chrome ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ lọ sí "Apps", "Special app access", "Install unknown apps", kẹ́ ẹ pa gbogbo ẹ̀.

Ìkejì ni "Device admin apps", tó wà lábẹ́ "Security". Áàpù tó bá wà níbẹ̀ kì í gbà kéèyàn yọ òun. Tí ẹ bá rí áàpù tí "Uninstall" ẹ̀ kò ṣeé tẹ̀, ibí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ gba oyè náà lọ́wọ́ ẹ̀, á sì ṣeé yọ.

Ìkẹta ni "Accessibility". Wọ́n ṣe é fún àwọn tí ojú tàbí ọwọ́ ń dà láàmú, kí áàpù lè bá wọn ka ohun tó wà lójú fóònù, kó sì bá wọn tẹ bọ́tìnnì. Àwọn olè náà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí áàpù tó bá lè ka ojú fóònù yín lè ka ohun tí ẹ ń tẹ̀ nínú áàpù báńkì. Ohun tí ẹ ò bá mọ̀ níbẹ̀, ẹ pa á.

Ìkẹrin ni ìpolówó tó ń jáde ṣáá lẹ́yìn tí ẹ ti yọ áàpù tí ẹ fura sí. Ó lè jẹ́ pé Chrome ló ń gbé e wá, torí pé ẹ tẹ "Allow" lórí ojú òpó kan lọ́jọ́ kan. Ẹ ṣí Chrome, ẹ wọ Settings ẹ̀, lẹ́yìn náà "Site settings", "Notifications", kẹ́ ẹ yọ orúkọ tí ẹ ò mọ̀.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti dàrú mọ́ yín lójú, bọ́tìnnì kan wà tó ń jẹ́ "Reset app preferences". Nínú "Apps" ló wà, lábẹ́ àmì tótó mẹ́ta tó wà lókè. Ó ń dá áàpù tó ń ṣí nǹkan fúnra ẹ̀, áàpù tí ẹ ti pa lẹ́nu mọ́, àti èyí tí ẹ dí lọ́wọ́ láti jẹ data padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò ní pa fọ́tò tàbí ọ̀rọ̀ yín rẹ́.

Fún áàpù tó ṣì wà lórí fóònù àmọ́ tí ẹ ò ṣí mọ́, Android 11, tó jáde ní 2020, ń gba ìyọ̀ǹda padà fúnra ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ní oṣù Kejìlá 2021, Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn fóònù tó ń lo Android 6.0 sókè.

Áàpù tó ń yáni lówó

Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀ níbí. Tí ẹ bá ti fún áàpù owó yíyá kan láyè láti ka kọ́ńtáàtì yín, tó sì ti kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, kò sí bọ́tìnnì kankan lórí fóònù yín tó lè pè é padà. Ẹ lè yọ áàpù, ẹ lè tún gbogbo fóònù tò, nọ́ńbà màmá yín àti ti ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Yíyọ áàpù kò sì pa gbèsè rẹ́.

Ohun tó ti yí padà ni pé láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Google ò gbà kí áàpù owó yíyá tó wà lórí Play Store béèrè fún kọ́ńtáàtì tàbí fọ́tò àwọn èèyàn mọ́. Nítorí náà, èyí tó bá ní kẹ́ ẹ wá gba APK níbòmíì, tó sì tún fẹ́ kọ́ńtáàtì, ẹ sá fún un.

Fún ohun tí wọ́n ti kó lọ, òfin ló kù. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí ilé iṣẹ́ pa ohun tó mọ̀ nípa yín rẹ́ nígbà tí kò bá sí ìdí mọ́ fún wọn láti tọ́jú ẹ̀. Ẹ san owó wọn tán, ẹ gba ẹ̀rí, kẹ́ ẹ kọ email sí wọn. Tí wọ́n bá kọ etí ikún, àjọ NDPC lẹ máa fẹjọ́ sùn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń pe àwọn èèyàn yín láti dójú tì yín, FCCPC náà ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo iPhone

Ẹ má ṣi "Offload App" gbé fún "Delete App". "Offload", tó dé pẹ̀lú iOS 11 ní 2017, ń yọ áàpù fúnra ẹ̀ kí ààyè lè wà, àmọ́ gbogbo ètò àti fáìlì ẹ̀ ló fi sílẹ̀. "Delete" ló ń kó wọn kúrò lórí fóònù.

Síbẹ̀, ohun tí áàpù fi sínú iCloud kì í bá a lọ. Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, "iCloud", lẹ́yìn náà ibi tí ẹ ti lè wo ààyè, kẹ́ ẹ pa ti áàpù yẹn rẹ́. Password tí áàpù bá kó sínú "Keychain" náà lè kù sẹ́yìn. Òun ló fà á tí áàpù kan fi máa ń dá yín mọ̀ lọ́jọ́ tó bá padà wá.

Ẹ tún wo Settings, "General", "VPN & Device Management". Tí áàpù tàbí ojú òpó kan bá ti gbé "profile" síbẹ̀ rí, ó lè máa darí íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ibi tí ẹ ò mọ̀. Èyí tí kì í bá ṣe ti ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìwé yín, ẹ yọ ọ́.

Áàpù "cleaner" ńkọ́?

Ẹ fi owó data yín jẹun. Láti Android 11, áàpù kan ò lè wọ inú fódà "Android/data" tó jẹ́ ti áàpù míì mọ́. Kí ni "cleaner" wá fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Púpọ̀ nínú wọn ń béèrè fún "Accessibility" àti gbogbo fáìlì yín, ìpolówó ni wọ́n fi ń san án padà fún yín. Ohun tó wà nínú Settings ti tó.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ta fóònù náà

Ẹ má kàn yọ áàpù lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ gbé e lọ sí Computer Village. Ẹ ṣe backup, ẹ yọ àkáǹtì Google yín kúrò nínú Settings, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣe "Factory reset". Tí wọ́n bá gba inú recovery tún fóònù tò nígbà tí àkáǹtì yín ṣì wà lórí ẹ̀, ààbò tó wà láti Android 5.1 máa dí i, ẹni tó rà á ò ní lè wọlé àyàfi pẹ̀lú email yín. Ti iPhone náà rí bẹ́ẹ̀ láti iOS 7: ẹ pa "Find My" kẹ́ ẹ tó nu ún. Kẹ́ ẹ sì yọ SIM àti memory card, torí "Factory reset" kì í sábà nu memory card.

Bó ṣe yẹ kó tò tẹ̀léra

Ètò ìṣe yìí ṣe pàtàkì ju bọ́tìnnì kankan lọ, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ áàpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀:

1. Ẹ fagi lé owó oṣooṣù.
2. Ẹ kó ohun tí ẹ máa nílò jáde: fọ́tò, rìsíìtì, ẹ̀rí.
3. Ẹ pa àkáǹtì yín rẹ́ nínú áàpù náà. Tó bá jẹ́ Google lẹ fi ń wọlé, ẹ má tíì já okùn, ẹ máa nílò ẹ̀ láti wọlé pa á rẹ́.
4. Ẹ wá já okùn Google tàbí Facebook.
5. Ẹ tẹ "Clear storage", lẹ́yìn náà "Uninstall".
6. Ẹ wo fódà gbangba àti àwọn àṣẹ tó kù nínú Settings.

Àbúrò mi ò jókòó tó ìṣẹ́jú méjì lọ́dọ̀ mi. A ṣí Play Store, a wọ "Subscriptions", áàpù tó ti "delete" láti oṣù mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó máa tún gba owó. Ó tẹ "Cancel". Owó tó ti lọ ti lọ, àmọ́ alert yẹn ò wá mọ́. Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ̀yin náà ẹ ṣí tiyín, kẹ́ ẹ wo ẹni tó ń jẹun lápò yín.